Kọ́kọ́rọ́ ò gbọ́dọ̀ bá àgádágodo wọ mọ́tò kan náà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé mo ti ṣèlérí pé màá kọ nípa bí mo ṣe ń to iná sínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ ò ju ọwọ́ lọ, màá kọ ọ́, ẹ má bínú, àmọ́ lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ẹni mẹ́ta ló ti bi mí pé "Àǹtí, báwo lẹ ṣe ń fi fídíò ńlá ránṣẹ́ sáwọn tó wà lókè òkun tí kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì?" Ó ti sú mi láti máa tún un sọ lórí voice note, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó bá tún bi mí, líǹkì ni màá jù sí i.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, fídíò ni mo ń yà, ní Táńkẹ̀ níbí nílùú Ìlọrin, ti àwọn obìnrin ni mo sì gbájú mọ́. Ẹni tó bá mọ ìlú wa dáadáa á mọ̀ pé tí wọ́n bá ń ṣe ìyàwó, apá kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin kì í dé, ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń lé làálì fún ìyàwó, tí gbogbo wọn á ti ká hìjáàbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irun dídì oríṣiríṣi, wákà, ariwo, àwọn ìyá àgbà tẹ́ ẹ rò pé orúnkún ń dùn á máa jó débi tí idí wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ọkùnrin oníkámẹ́rà ò lè kọjá ẹnu géètì lọ́jọ́ yẹn, èmi ni wọ́n máa ń pè. Iṣẹ́ náà dùn, owó ẹ̀ náà ò burú, àmọ́ ohun kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ẹ̀ dúró: ẹni tí kò yẹ kó rí fídíò yẹn ò gbọ́dọ̀ rí i. Ọjọ́ tí ìyẹn bá bàjẹ́, kí n yáa lọ máa ta wàrà ní Ìpàtà.

Ó sì bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá. Mo ya ti ọmọ Àlàájà kan lágbègbè Ọjà Ọba. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó wà ní Jámánì, oyún inú ẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, kò lè wọ bàálù, ló bá ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sóun. Mo gbé e sórí ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti bi mí pé ta ló lè wò ó, mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe, mo tẹ "ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì", torí pé tí mo bá ní kó jẹ́ ímeèlì ẹ̀ nìkan, mo mọ̀ pé á pè mí láago méjì òru pé kò ṣí. Mo fi líǹkì ránṣẹ́, mo sùn.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó fún àbúrò ẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀n, ìyẹn náà fún ẹnì kan, ẹni yẹn ò ro ibi kankan, ó kàn jù ú sínú gúrúùpù ẹbí lórí WhatsApp, gúrúùpù tí àwọn àna, àwọn bàbá ọkọ àti àáfà tó so yìgì gan-an wà nínú ẹ̀. Bí Àlàájà ṣe mọ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn bàbá ọkọ pè é, tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní "Àlàájà, ẹ mà tún mọ ijó jó o!"

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun. Ó pè mí. Kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lo ṣí orí mi fún?" Orí fóònù la wà o, àmọ́ mo ti kúnlẹ̀ sórí táìlì. Mo pa líǹkì yẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó ti dáúnlóòdù ẹ̀ ti dáúnlóòdù ẹ̀ náà nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, mo mú àbúrò màmá mi dání, a lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Wọ́n gbà, wọ́n tiẹ̀ fún wa lóúnjẹ, àmọ́ bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, Àlàájà pè mí padà, ó ní: "Tí mo bá fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá mi, ṣé ara ilẹ̀kùn lo máa gbé e kọ́?"

Obìnrin tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó fáìlì wa sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Torí ohun tí mo ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, líǹkì yẹn fúnra ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́, ẹni tó bá ti fọ́wáàdì ẹ̀, ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ ló fọ́wáàdì pọ̀.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí o ò kàn fi ránṣẹ́ tààrà, kí ló kàn ẹ́ pẹ̀lú líǹkì? Ẹ gbọ́. Fídíò tí mo bá gé tán ní 4K, tó jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀, ó máa ń tó 14 GB. Ímeèlì ò lè gbé e. Gmail, 25 MB ni òpin ohun tẹ́ ẹ lè so mọ́ lẹ́tà, kódà fáìlì yín gan-an ò lè tó 25 MB yẹn, torí pé ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n dá ímeèlì sílẹ̀ fún, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ di a-b-d àti nọ́ńbà lásán kó tó lè rìn, báìtì (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń ka bí fáìlì ṣe tóbi tó) mẹ́ta á di mẹ́rin, fáìlì á wú, ohun tó lè kọjá níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 18 MB lọ. Nínú fídíò tèmi, ijó ìṣẹ́jú-àáyá méje nìyẹn. WhatsApp ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò, á fún un mọ́ra, ojú ìyàwó á dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn nàìlọ́ọ̀nù. Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi document, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, àmọ́ fáìlì kan ò gbọ́dọ̀ ju 2 GB lọ. Ohun tó dáa lára WhatsApp ni pé láti 2016 ni wọ́n ti ń ti ohun tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ pa láti orí fóònù yín títí dé orí fóònù ẹni tó ń gbà á, àwọn tó ni WhatsApp gan-an ò lè ṣí i wò lójú ọ̀nà. Telegram náà ń gba 2 GB, tẹ́ ẹ bá sanwó á gba 4 GB, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé chat lásán lórí Telegram ò rí bẹ́ẹ̀, inú secret chat nìkan ni irú ìtìpa yẹn wà. Mo rí àwọn tó ń sọ pé Telegram ló ní àṣírí jù, mo kàn máa ń wò wọ́n ni.

Ẹ wá fi ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún un. Ìyára dáúnlóòdù ni wọ́n fi ń polówó fún wa, àpúlóòdù ni tèmi. Ká ní mo rí 5 Mbps lọ́jọ́ tó dáa, bíìtì ni wọ́n ń kà níbẹ̀ o, ẹ pín in sí mẹ́jọ kó tó di báìtì, ìyẹn ò tó 1 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 14 GB á gbà ju wákàtí mẹ́fà lọ. Wákàtí mẹ́fà! Ta ló ní iná wákàtí mẹ́fà tí kò ṣẹ́jú? Wọ́n á mú un ní wákàtí karùn-ún, ìnfátà á ṣe ṣíí, router á kú, ẹ ó tàn án padà, wẹ́bù yẹn á ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè bí ẹni pé ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Mo ti sunkún nítorí ẹ̀ rí, mi ò purọ́.

Ọ̀rọ̀ ìtìpa yẹn gan-an ló yẹ kí n dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wá. Kò sí wẹ́bù tí kì í kọ ọ́ sára pé "secure", pé àwọn ti ti fáìlì yín pa. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ń ti i, níbo ló ti ń ti i, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ẹ wò ó bí ẹni ń fi ẹrù rán dẹ́rẹ́bà láti Gáréèjì Ọ̀fà. Tí àdírẹ́sì wẹ́bù bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, ẹrù yín ti wà nínú bọ́ọ̀tù, dẹ́rẹ́bà ti tì í, ẹni tó wà lójú títì ò lè nawọ́ mú un. Mọ́tò dé ibi tó ń lọ, wọ́n já ẹrù sínú sítọ́ọ̀, wọ́n ti sítọ́ọ̀ náà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ni sítọ́ọ̀ ló ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀. Bí Google Drive tí àwa ará ìta ń lò ṣe rí nìyẹn, àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n ń tì í lójú ọ̀nà, wọ́n ń tì í nínú sítọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lápò wọn. Mi ò sọ pé wọ́n ń jókòó wo ijó Àlàájà o. Mo kàn ń sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ìtìpa kejì, tó yàtọ̀ pátápátá, ni pé kẹ́ ẹ ti ti àpótí yín nílé kẹ́ ẹ tó gbé e dé gáréèjì rárá.

Ẹnì kan wà tó ṣe irú ẹ̀ dáadáa. Àwọn Mozilla tó ni Firefox gbé Firefox Send jáde ní 2019, ọ̀fẹ́ ni, 1 GB, tẹ́ ẹ bá ní account á di 2.5 GB. Browser yín ló máa ti fáìlì pa kó tó gbéra nílé, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú líǹkì lẹ́yìn àmì # yẹn, ohun tó bá sì wà lẹ́yìn # nínú àdírẹ́sì, browser kì í fi ránṣẹ́ sí server, ọ̀dọ̀ yín ló máa ń dúró sí. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an. Ó ṣeni láàánú pé wọ́n gbé e kúrò ní 2020 torí pé àwọn oníjìbìtì ti sọ ọ́ di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín fáírọ́ọ̀sì. MEGA, ibòmíì tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣì ń lo ọgbọ́n # yẹn dòní.

Àmọ́ nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé kò ní gbà mí lọ́wọ́ Àlàájà. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú líǹkì. Ẹni tó ni server ò ní rí i, gúrúùpù ẹbí á rí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Àlàájà kò kan Google rárá, àwọn àna ẹ̀ ló ń sá fún.

Nítorí náà, 7-Zip ni mo ń lò báyìí, ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń di fáìlì pọ̀, tó sì lè fi páṣíwọ́ọ̀dù tì í pa. Ará Rọ́ṣíà kan, Igor Pavlov, ló ṣe é, láti 1999 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó tẹ fáìlì náà lápá ọ̀tún, ẹ ó mú "Add to archive", ẹ rí i dájú pé 7z lẹ mú, ẹ má mú zip, torí zip yẹn ní ìtìpa àtijọ́ kan tó ń jẹ́ ZipCrypto tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń já a tipẹ́, òun náà sì ni 7-Zip máa mú fún yín tẹ́ ẹ bá mú zip tẹ́ ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ti 7z, AES-256 ni, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà mú ní 2001 nígbà tí wọ́n wá ìtìpa tuntun kiri, ọwọ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù méjì ló ti wá, títí dòní ẹnikẹ́ni ò tíì rí ọ̀nà gidi tó lè gbà já a tí kò bá ní páṣíwọ́ọ̀dù. Ẹ ó kọ páṣíwọ́ọ̀dù síbẹ̀. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Encrypt file names" sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ maaki ẹ̀. Tẹ́ ò bá maaki ẹ̀, ẹni tí kò ní páṣíwọ́ọ̀dù ò ní lè wo fídíò, àmọ́ á rí orúkọ fáìlì, orúkọ tí mo sì máa ń fún fáìlì nígbà yẹn, bíi "ìyàwó-lágbájá-làálì-irun", gbogbo ọ̀rọ̀ ti jáde tán nínú orúkọ.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ compression, ìyẹn fífún fáìlì mọ́ra, ẹ mú "Store". Fídíò ti jẹ́ ohun tí wọ́n ti fún mọ́ra láti inú kámẹ́rà, tẹ́ ẹ bá ní kí 7-Zip tún fún un, á kàn fi wákàtí yín ṣòfò ni, kò ní kéré sí i. Lẹ́yìn náà ibi tí mo fẹ́ràn jù, "Split to volumes", mo máa ń kọ 1000M síbẹ̀, fídíò 14 GB á di ègé mẹ́rìnlá, wọ́n á máa jẹ́ 001, 002, 003 lọ bẹ́ẹ̀. Tí iná bá lọ nígbà tí ègé kẹsàn-án ń gòkè, ègé kẹsàn-án nìkan ni màá tún gbé, mẹ́jọ ti wà lókè. Ègé kọ̀ọ̀kan sì lè gba WhatsApp kọjá bíi document. Ẹni tó ń gbà á á kó gbogbo ẹ̀ sínú fódà kan, á tẹ 001, ìyókù á tẹ̀ lé e, tó bá jẹ́ fóònù Android ló ń lò, ZArchiver lè ṣí i. Ègé kan ò gbọ́dọ̀ dín o, tó bá dín, kò ní pé.

Ti páṣíwọ́ọ̀dù ni mo ti fojú rí màbo.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fi ọ̀nà tuntun yìí ṣe iṣẹ́ fún, Jámánì náà ni àbúrò ẹ̀ wà (ó jọ pé gbogbo ará Ìlọrin ló ti kó lọ sí Jámánì). Mo ní kí n lo ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò tan mọ́ra, bíi "ọ̀bẹ àgbàdo ìlẹ̀kẹ̀ wàrà", kì í ṣe èyí gan-an o, àmọ́ irú ẹ̀. Ẹ sì mọ̀ mí, mi ò lè kọ Yorùbá láì fi àmì sí i, mo fi àmì sórí, mo fi sábẹ́, ó pé pérépéré. Fáìlì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó tẹ páṣíwọ́ọ̀dù, ó ní irọ́ ni. Ó tún un tẹ̀. Mo ní ṣé o fi àmì sábẹ́ ọ, ó ní ẹ̀gbọ́n, mo fi sí i, ó ya àwòrán ẹ̀ fún mi, mo wò ó, kò sí ibi tó ti yàtọ̀ sí tèmi. Mo gbà pé fáìlì ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà, mo tún gbogbo ègé mẹ́rìnlá gbé látòkè. Dátà 14 GB ẹ̀ẹ̀mejì! Kò ṣí náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló wá là mí lọ́yẹ. Ẹ wo "ọ̀" yìí. Kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ ju ọ̀nà kan lọ: ó lè jẹ́ ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ láti ilé, tí wọ́n wá gbé àmì òkè lé lórí, ó sì lè jẹ́ o lásán tí wọ́n so àmì méjèèjì mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. À náà bẹ́ẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ti kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ló ń kà, nọ́ńbà sì yàtọ̀, kíbọọ̀dù tèmi ń kọ tibí, kíbọọ̀dù fóònù tiẹ̀ ń kọ tọ̀hún, páṣíwọ́ọ̀dù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la jọ ń tẹ̀ láti àárọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwa tá à ń jà fún àmì ohùn lójoojúmọ́!

Ọmọ yẹn náà ló fi SHA-256 hàn mí. Ẹ ó tẹ fáìlì lápá ọ̀tún, 7-Zip ní ibi kan tí wọ́n kọ CRC SHA sí, á fún yín ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 64, bí ìtẹ̀ka fáìlì ni, tí báìtì kan ṣoṣo bá yàtọ̀, gbogbo ẹ̀ á yí padà. Ká ní mo ti mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá ní kí ọmọbìnrin yẹn ka ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ fún mi, ǹ bá rí i pé kò yàtọ̀ sí tèmi, pé fáìlì dé ní pípé, ó ku páṣíwọ́ọ̀dù nìkan, mi ò bá má fi owó dátà ṣòfò.

Báyìí, lẹ́tà gbalasa ni mo ń lò, kò sí àmì, kò sí lẹ́tà ńlá, obe agbado ileke wara, mo sì ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Ẹ má fi ọgbọ́n orí mú àwọn ọ̀rọ̀ náà o, torí ọgbọ́n orí wa jọra. Ẹ má sì mú oríkì, ẹni tó bá kọ "ilorin afonja enu dun ju iyo", ará ìlú wo ni kò ní kọ́kọ́ gbìyànjú ìyẹn wò? Àwọn òyìnbó ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Diceware, ìwé kan ni tó ní ọ̀rọ̀ 7,776, ẹ ó da dáìsì ẹ̀ẹ̀marùn-ún, nọ́ńbà tó bá jáde ló máa mú ọ̀rọ̀ kan fún yín, ẹ ó tún da á fún òmíràn. Dáìsì lúdò ni mo fi ń ṣe tèmi, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè, mo máa ń fi dáìsì mú ojú ìwé. Àwọn ọmọ mi rò pé mo ti ń ya wèrè.

Páṣíwọ́ọ̀dù kì í bá fáìlì rìn. Tí fáìlì bá gba Drive, mi ò ní kọ páṣíwọ́ọ̀dù sínú ímeèlì tí mo fi fún wọn ní líǹkì, torí ẹni tó bá wọ ímeèlì yẹn ti rí méjèèjì. Mi ò kì í kọ ọ́ sínú SMS, SMS kì í wà ní títìpa. Mo máa ń pè wọ́n lórí WhatsApp, mo máa sọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ mẹ́fà, wọ́n á kọ ọ́ sórí bébà. Ibẹ̀ gan-an ni Yorùbá ti wúlò, mo lè ní "ìlẹ̀kẹ̀ tí à ń so mọ́dìí", kò ní ṣì í gbọ́. Tẹ́ ẹ bá sì wà lórí Drive, ẹ kọ ímeèlì ẹni tó ń gbà á síbẹ̀, ẹ má tẹ "ẹnikẹ́ni" mọ́, kó pè yín láago méjì òru, ó sàn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn fẹ́ràn nǹkan kan tó ń jẹ́ Magic Wormhole, Brian Warner ló ṣe é. Kò sí sítọ́ọ̀ níbẹ̀, èmi tan kọ̀ǹpútà, òun náà tan tiẹ̀, Wormhole fún mi ní nọ́ńbà kan àti ọ̀rọ̀ méjì, mo pè é, mo kà á fún un, fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ méjì péré? Ó ní irú àpapọ̀ tí ọ̀rọ̀ méjì yẹn lè jẹ́ jẹ́ 65,536, ẹni tó bá fẹ́ já a ò ní ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ, tó bá ti ṣì í, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, àwa méjèèjì á sì mọ̀. Ó dùn mọ́ mi. Àmọ́ inú ojú dúdú tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí yẹn ni wọ́n ti ń lò ó, mi ò lè ní kí Àlàájà lọ kọ nǹkan síbẹ̀. Tí iná bá sì lọ láàárín, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ti àwọn tó wà nítòsí, ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ jàre. Mo ní oníbàárà kan ní Ọ̀fà, kí n tó fi wákàtí mẹ́fà gbé fáìlì sókè, kóun náà fi iye wákàtí kan gbé e sọ̀kalẹ̀, dẹ́rẹ́bà ti lọ ti bọ̀. Mo máa ń fi fìláàṣì rán wọn. Ó kàn jẹ́ pé fìláàṣì lè jábọ́ lápò dẹ́rẹ́bà, torí náà 7z náà ni mo ń tì sínú ẹ̀, páṣíwọ́ọ̀dù á gba orí fóònù lọ. Ohun kan tó ń da àwọn èèyàn láàmú níbẹ̀: ẹ ra fìláàṣì 32 GB, òfo ni, ẹ fẹ́ da fáìlì 14 GB sínú ẹ̀, ó ní kò gbà. Kò bàjẹ́ o. FAT32 ni wọ́n fi ṣètò ẹ̀, FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4 GB. Ẹ tún un ṣe sí exFAT, tàbí kẹ́ ẹ gé fáìlì sí wẹ́wẹ́ bí mo ṣe sọ yẹn, á wọlé.

Èyí tó kù ni pípa rẹ́. Òfin ti wà lórí ẹ̀ nílẹ̀ yìí, Nigeria Data Protection Act ti 2023, ó ní kéèyàn má tọ́jú ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi ò kì í ṣe lọ́yà, Àlàájà ló kọ́ mi ní tèmi.

Torí ó padà pè mí. Oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀ kejì ṣe ìyàwó, èmi náà ló ní kí n wá ya á. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ègé mẹ́rìnlá, ọ̀rọ̀ mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní Jámánì wò ó, ọmọ ẹ̀ ti ń rìn báyìí, kò sí àna kankan tó yin ijó ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, mo kàn rí Àlàájà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun wá wò ó bí mo ṣe máa pa á rẹ́. Mo fún un ní àga. Mo tẹ delete lójú ẹ̀.

Ó ní, "Ó ti lọ?"

Mo ní, "Ó ti lọ, mà."

"Níbo ló lọ?"

Mo dákẹ́. Mo ṣí Recycle Bin, gbogbo ẹ̀ ń wò wá láti inú ibẹ̀. Ó ní kí n dà á nù, mo dà á nù. Ó ní èyí tó wà lókè òkun ńkọ́, Drive ló ń sọ, mo pa tibẹ̀ rẹ́, mo sọ fún un kó tó bi mí pé tibẹ̀ náà ní pàǹtí tiẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa ń lò níbẹ̀ kó tó parẹ́ fúnra ẹ̀, mo da ìyẹn náà nù. Mo yọ mẹ́mórì káàdì méjèèjì nínú kámẹ́rà, mo fọ̀ wọ́n mọ́. Mo ti ń nu ọwọ́.

Ó ní, "Ó tán?"

Mo fẹ́ ní ó tán. Mo wá rántí pé ọmọ iṣẹ́ mi tó bá mi gé apá kan gbé e lọ sílé ní Sángo lórí laptop ẹ̀. Mo wo ojú Àlàájà, mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì jókòó díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pe ẹnì kan."